Àkọsílẹ̀ ẹ̀rí ni, kì í ṣe ọ́dìtì

"Ọ́dìtì" ni àwọn kan ń pe audit, apá kernel Linux (ìpìlẹ̀ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi "ọ́dìtì" yìí sílẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọ́dìtì létí ọmọ Yorùbá, owó ló máa wá sí i lọ́kàn: ọ̀gá tó wọ táì, tó ń tú ìwé ìnáwó, tí akápò ń làágùn níwájú rẹ̀. Ohun tí kernel Linux ti ń ṣe láti ọdún 2004 kò kan owó rárá. Ó ń kọ ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó ṣe àti ìgbà tó ṣe é sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà di "èmi kọ́" lọ́la.

Àwọn kan wá ní "àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò". Èyí tún burú jù. Ẹni tó bá wá ń yẹ patch irú kóòdù bẹ́ẹ̀, ìyẹn àtúnṣe tí ẹnìkan fi ránṣẹ́, wò ńkọ́? Ṣé àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ló ń ṣe? Olùkọ́ èdè kan bá mi jiyàn pé kí n má lo "ẹ̀rí", pé ilé ẹjọ́ ló ni í. Ilé ẹjọ́ gan-an ni mo ń lọ! Iṣẹ́ SELinux, ẹ̀ṣọ́ ààbò inú kernel, ni láti dínà fún aṣebi. Eléyìí kì í dínà fún ẹnikẹ́ni, ẹlẹ́rìí lásán ni. Àkọsílẹ̀ ẹ̀rí ni n ó máa pè é. Ní ti àwọn tó ń pe kernel ní "èkùrọ́", kí wọ́n lọ fi ṣe àdín.

Ẹ wo mẹ́gáàdì tó ní ìwé àlejò lẹ́nu géètì. Bó bá fa bírò fún àlejò pé kó kọ orúkọ ara rẹ̀, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ á kọ tirẹ̀ tán, á bọ́ sí ìlà kejì, á fi orúkọ ẹlòmíràn àti aago síbẹ̀. Ẹni tí kò wá ni wọ́n máa mú. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ ń wo ẹni tó di bírò mú nínú patch. Orúkọ fáìlì, orúkọ ètò, ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ aṣàmúlò wá, fọ́ńṣọ̀n audit_log_untrustedstring, tó máa ń fura sí ọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́, ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí mo bá rí audit_log_format pẹ̀lú %s lásán níbẹ̀, tó ń kọ ọ̀rọ̀ bó ṣe wá, mo dá a padà. Bí àlàfo, àmì ", tàbí lẹ́tà tí kò sí nínú ASCII (àwọn lẹ́tà àti àmì Gẹ̀ẹ́sì lásán) bá wà nínú orúkọ, odindi rẹ̀ ló máa di hex (òǹkà tó ń lo 0 sí 9 àti A sí F). Ẹ pe fáìlì ní owó, kí ẹ fi àmì ohùn sí i: name=6F77C3B3 lẹ máa bá nínú audit.log, fáìlì àkọsílẹ̀ náà. Ẹ̀yin olùfẹ́ àmì ohùn, ẹ fara dà á, àṣẹ ausearch -i á tú u fún yín.

Mẹ́gáàdì tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ náà lè ṣì í kọ. Títí dé Linux 4.7, fọ́ńṣọ̀n audit_log_single_execve_arg ń ka ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé àṣẹ lẹ́ẹ̀mejì láti inú mẹ́mórì aṣàmúlò. Ó bi àlejò lórúkọ, ó ní ó dáa. Ìgbà tó gbé bírò, ó tún bi í, àlejò sì dá orúkọ mìíràn. CVE-2016-6136 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ àléébù ààbò yẹn. Wọ́n tún un ṣe kí ẹ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ ẹ̀dà kan náà tí wọ́n máa kọ sílẹ̀.

Ibi tí ariyanjiyan ti ń gbóná ni àfikún. Ẹnìkan á fẹ́ fi àlàyé tuntun kún ìlà SYSCALL (ìlà tó ń sọ ohun tí ètò kan ní kí kernel bá òun ṣe), á sì fi há àárín. Ìparí ìlà ni kó lọ! Bí kò bá sì rí ohun tó máa kọ, kó fi ? síbẹ̀, kó má ṣe pòórá, torí àwọn ètò tó ń ka ìlà yẹn ti mọ ohun tí wọ́n ń retí.

Èyí tó kù ni auid, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí aṣàmúlò fi wọlé. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 1000, tó fi àṣẹ sudo di root (ọ̀gá pátápátá), 1000 náà ni auid rẹ̀ ṣì ń jẹ́, uid, nọ́ńbà ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ló di 0. Patch tó bá fọwọ́ kan ibẹ̀, mi ò kì í yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́.