Àpá Ara Aago Kì í Ṣe Ìbàjẹ́

Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwa tó fẹ́ràn aago ọwọ́ gidi, ó sì ti wọ̀ wá lára: pé aago olówó ńlá, inú páálí ló yẹ kó máa gbé. Ẹni tó bá ra Rolex tàbí Omega kò ní í bọ́ ọ̀rá tó bá a wá, á tì í mọ́ inú àpótí, ó di ìgbà tí ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà bá kàn kó tó gbé e jáde. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kọ lu ilẹ̀kùn, tí ilà tín-ín-rín kan hàn lára irin, ojú á fà ro. Wọ́n á ní aago ti bàjẹ́, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè gbé e lọ fún ẹni tó máa bá wa pọ́líìṣì ẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilà yẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Pọ́líìṣì tí wọ́n fẹ́ sáré lọ ṣe sí i gan-an ló ń ba aago jẹ́, inú àpótí tí wọ́n ń tì í mọ́ náà kò sì pé e lára tó bí wọ́n ṣe rò.

Ẹ wo iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe àwọn aago yìí ná. Nígbà tí Rolex gbé Submariner jáde ní 1953, àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ní lọ́kàn. Kò pẹ́ sígbà náà ni GMT-Master dé, tí wọ́n ṣe fún àwọn awakọ̀ òfurufú Pan Am, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè máa rí aago ìlú méjì pa pọ̀. Omega gbé Speedmaster jáde ní 1957 fún àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje. Irinṣẹ́ ni gbogbo wọn. Owó tí wọ́n ń tà wọ́n lónìí ló jẹ́ ká máa fojú ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó wò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ Speedmaster yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Nígbà tí àjọ NASA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń wá aago tí àwọn arìnrìn-àjò òfurufú máa wọ̀, wọ́n kó ti ilé-iṣẹ́ mélòó kan jọ, wọ́n sì fojú wọn rí màbo. Wọ́n fi wọ́n sínú ooru tó tó 71 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí 48, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e dé 93 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n fi òtútù mú wọn, wọ́n gbọ̀n wọ́n, wọ́n gbá wọn. Speedmaster ló yè é, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 1965. Ohun tó wà lójú aago yẹn kì í ṣe gíláàsì rárá, ike kan tí wọ́n ń pè ní hesalite ni. Ike yìí máa ń tètè gba ilà, àní ara ògiri lásán lè fá a. Àmọ́ kì í fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nínú ọkọ̀ òfurufú tí ohun gbogbo ti ń léfòó, àfọ́kù gíláàsì lè wọ èèyàn lójú tàbí kó wọ ọ̀fun rẹ̀. Ilà ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Aago olójú ike yìí ni Buzz Aldrin wọ̀ sí ọwọ́ nígbà tó ń rìn lórí òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969.

Kódà, aago kan wà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ìfọ́ ló bí i, Reverso, ti ọdún 1931. Àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbá pólò ní Íńdíà ni igi àti bọ́ọ̀lù máa ń fọ́ gíláàsì aago wọn. Àwọn tó ń ṣe aago ò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ́ aago sílẹ̀ kí wọ́n tó gun ẹṣin. Wọ́n ṣe aago tó ṣeé yí ojú ẹ̀ dé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ irin lè máa gba ìyà náà. Ẹ̀yìn irin yẹn á gba àpá, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é.

Ibi tí àpá yìí ti ń wá kò le láti mọ̀. Friedrich Mohs, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣe òṣùwọ̀n kan ní 1812 tí wọ́n fi ń mọ ohun tó lè fá ohun mìíràn lára, láti 1 dé 10. Dáyámọ́ǹdì wà ní 10. Sàfáyà tí wọ́n fi ń ṣe ojú ọ̀pọ̀ aago òde òní wà ní 9 (wọ́n ń ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n wà nínú ilẹ̀). Irin ara aago wà ní nǹkan bíi 5 sí 6. Yanrìn wà ní 7, yanrìn wẹ́wẹ́ ló sì kún inú eruku ọyẹ́ tó ń fẹ́ lu gbogbo wa láti oṣù Kejìlá. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kò sí aago onírin tí èèyàn ń wọ̀ tí kò ní í gba ilà. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ lé tábìlì láti tẹ kọ̀ǹpútà, ìkọ́ tó de ẹ̀wọ̀n aago lábẹ́ ọrùn ọwọ́ ń ha tábìlì náà, eruku tó wà láàárín wọn sì ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ yí aago ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì dé, ibẹ̀ lẹ ó ti kọ́kọ́ rí i: ilà wẹ́wẹ́ tó gba ara wọn kọjá, tó pọ̀ débi pé kò ṣeé kà mọ́. Ọ̀pọ̀ tó ń ké nítorí ilà kan ṣoṣo lójú ọ̀kánkán kò tíì wo abẹ́ ibẹ̀ rí.

Wúrà tún rọ̀ ju irin lọ. Séràmíìkì, tí wọ́n fi ń ṣe ara àwọn aago mìíràn, ní tirẹ̀ le gan-an, ilà kì í sábà mú un, ṣùgbọ́n bó bá jábọ́ sórí táìlì ilé ìwẹ̀, ó lè là. Èwo lẹ fẹ́ nínú àpá àti àfọ́?

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti pọ́líìṣì, torí ibẹ̀ ni owó àti ẹwà aago ti ń ṣòfò. Ilà kì í ṣe ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ irin tí èèyàn lè nù kúrò. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ pọ́líìṣì fi lè mú un kúrò ni kó fá gbogbo irin tó yí i ká wálẹ̀ títí tó fi máa bá ìsàlẹ̀ kòtò náà dọ́gba. Bí ọ̀bẹ tí wọ́n ń pọ́n ní gbogbo ìgbà ṣe ń tín-ín-rín náà ni ara aago ṣe ń tín, irin tó bá sì ti lọ ti lọ nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ gbé aago tí wọn ò pọ́líìṣì rí sábẹ́ iná, kí ẹ wo etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ̀wọ̀n so mọ́. Lórí etí yẹn, ilé-iṣẹ́ ti fi irinṣẹ́ fa ilà wẹ́wẹ́ tó tò ní ọ̀kánkán, tí kì í dán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ibi tí òkè àti ẹ̀gbẹ́ ti pàdé mú ṣáṣá, bí ẹ bá sì fi èékánná tọ̀ ọ́, ẹ ó mọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbé èyí tó ti jẹ ẹ̀rọ pọ́líìṣì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Igun yẹn ti di róbótó. Ìlà tó pín òkè àti ẹ̀gbẹ́ níyà kò dá ṣáká mọ́. Lára àwọn Submariner àtijọ́ tí ihò ìṣó tó de ẹ̀wọ̀n mọ́ etí ti yọ síta, ihò náà ti fẹ́ kan bèbè etí, torí pé irin tó yí i ká ti tán. Ó ń dán lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn tó ṣe é ṣe rán an jáde ló ṣe rí mọ́.

Ti Royal Oak tún burú jù. Gérald Genta ló ya àwòrán rẹ̀ fún Audemars Piguet, ó sì jáde ní 1972, aago onírin tí owó rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ aago wúrà ìgbà náà lọ. Bí wọ́n ṣe gé igun rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń sanwó fún. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, igun tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi sùúrù gé á pòórá. Àwọn kan wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iná lésà da irin tuntun padà sí ojú àpá kí wọ́n tó gé e, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀, owó wọn ò sì kéré.

Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ilé gbàǹjo Phillips ta Rolex Daytona onírin kan ní New York ní mílíọ̀nù 17.75 dọ́là. Nígbà náà, kò sí aago ọwọ́ tó tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbàǹjo. Joanne Woodward ló rà á fún ọkọ rẹ̀, Paul Newman, òṣèré tó tún ń fi mọ́tò sáré ìje, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wakọ̀. Newman wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, ó bi James Cox, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ nígbà náà, pé aago mélòó lù. Cox ní òun ò ní aago. Newman bọ́ tọwọ́ rẹ̀ fún un, Cox náà sì wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ̀ pé ohun ńlá ni. Ọdún méjì lẹ́yìn gbàǹjo yẹn, wọ́n ta GMT-Master tí òṣèré Marlon Brando wọ̀ ní mílíọ̀nù kan ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 900 dọ́là. Brando ti yọ òrùka tó yí ojú rẹ̀ ká dànù, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Òótọ́ ni pé orúkọ àwọn tó ni wọ́n ló gbé owó yẹn dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà aago àtijọ́ níbikíbi, ẹ ó rí i pé ohun tí olùtajà máa ń fi yangàn ni pé wọn ò pọ́líìṣì rẹ̀ rí. Àwọn tó ń kó aago jọ máa ń sanwó lórí èyí tó ní àpá tí igun rẹ̀ ṣì mú ju èyí tó ń dán tí ara rẹ̀ ti yọ́ lọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Aago tuntun tí wọn ò wọ̀ rí, tó ṣì wà nínú ọ̀rá, lè pa owó ju èyí tí wọ́n ti wọ̀ lọ, ihò tó jìn náà sì lè dín owó kù. Bó bá jẹ́ pé ẹ rà á láti tún un tà ni, ẹ fi sínú páálí. Ìyẹn ọjà ni, mo sì ń bá ẹni tó rà á nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Lójú tèmi, ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wọlé sí wa lára ni aago tí wọ́n kàn fi omi góòlù bò. Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà pẹ̀lú irú rẹ̀, ti gidi àti ayédèrú. Bí ilà bá wọ ara rẹ̀, irin abẹ́ á yọjú, àwọ̀ á sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa dójú ti ẹni tó wọ̀ ọ́ lóde. Fún irú aago bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù náà tọ̀nà. Àmọ́ ẹ má gbé e lọ sórí ojúlówó irin tàbí ojúlówó wúrà. Ohun kan náà ló wà láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú wọn. Abẹ́ ilà ibẹ̀, irin yẹn náà ni.

Ìbẹ̀rù olè tún yàtọ̀. Ẹni tó bọ́ aago sílẹ̀ nílé nítorí àwọn tó ń já aago gbà lójú títì London tàbí Èkó gbọ́n, mi ò bá a jiyàn.

Ohun tó ń pa aago gan-an kì í hàn lójú. Omi ni àkọ́kọ́. Àwọn rọ́bà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn aago àti nídìí orí kékeré tí a fi ń wáìńdì rẹ̀ máa ń gbẹ, wọ́n sì máa ń sán bí ọdún ti ń gorí ọdún, yálà ẹ wọ aago náà tàbí ẹ ò wọ̀ ọ́. Ìgbà tí èéfín omi bá ti ń hàn lábẹ́ gíláàsì, ìpẹtà ti fẹ́ wọnú nìyẹn. Òróró inú rẹ̀ náà ń gbó nínú àpótí. Aago oníbátìrì tí wọ́n tì mọ́ àpótí títí bátìrì fi kú tún léwu jù, torí bátìrì náà lè jò sínú ẹ̀rọ. Ọ̀rá tí wọn ò bọ́ máa ń há òógùn mọ́ ara irin. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù ni bí ẹni tí kò lè sùn nítorí ilà kan ṣe lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀ láàárín ẹ̀wọ̀n aago fún ọdún púpọ̀: òógùn àti yanrìn tó pò pọ̀ níbẹ̀ ń jẹ àwọn ìṣó kéékèèké tó so ẹ̀wọ̀n náà pọ̀, títí á fi máa wọ́ bọ́rọ́bọ́rọ́ lọ́wọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ló ń yanjú ìyẹn, bí orí aago bá ti wọlé dáadáa tí rọ́bà rẹ̀ sì dá yín lójú.

Omega ní kí wọ́n máa tú aago palẹ̀ tọ́jú láàárín ọdún 5 sí 8, Rolex ní bíi ọdún 10. Bí ẹ bá gbé e lọ, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tún aago ṣe máa ń pọ́líìṣì rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà láìbéèrè, torí wọ́n rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn kó tó kúrò lọ́wọ́ yín: kí wọ́n ṣe inú, kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà, kí wọ́n dán an wò bóyá omi ń wọlé, kí wọ́n sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì.