Yíyọ thermostat kọ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì tutù

Bí ẹ bá rí jíìpù àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú, ó kù díẹ̀ kí n búra pé kò sí thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi ẹ́ńjìnnì tó sì ń pa á dé, nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́. Ẹnì kan á ti yọ ọ́.

Jíìpù bàbá mi ni mo ń tún ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkọ̀ ọdún 1986 tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tó ti kó pákó jáde nínú igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń hó ṣáá. Mẹkáníìkì tí mo pè wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ thermostat yìí. Ìlú òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún. Ooru tiwa ti pọ̀ jù." Ó tú bóòtù méjì, ó yọ ọ́, ó jù ú sábẹ́ igi ọsàn. Mo gbà á gbọ́, torí bí gbogbo ènìyàn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Kì í ṣe òótọ́. Ife bàbà kékeré kan wà láàárín thermostat, ìda ló wà nínú rẹ̀. Bí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, 82 tàbí 88 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́pọ̀ ìgbà, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ẹnu rẹ̀ ṣí kí omi lè kọjá sínú rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń mú un tutù. Bí omi bá tutù, sípíríìnì á pa á dé padà. Omi inú ẹ́ńjìnnì ló ń dá lóhùn, kì í ṣe oòrùn ìta. Àwọn alájì wa mọ bí oòrùn Mẹ́kà ṣe ń jó ni. Ó máa ń kọjá 45 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, síbẹ̀ thermostat wà nínú àwọn jíìpù tó ń rìn níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ nǹkan bíi 90, láìsí thermostat kì í sì í tètè gbóná dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti yan gàrí rí, ìdí rẹ̀ á tètè yé e. Agbada tí kò gbóná kì í lé omi kúrò lára gàrí, irú gàrí bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ bu. Lítà bẹntiróò kan tó bá jó ń bí omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù ń bá èéfín jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó gbóná dáadáa á lé e lọ. Èyí tí kò gbóná á gbà á mọ́ra. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ṣí ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, mo bá nǹkan funfun tó rí bí ògì lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ó ń fà. Àyà mi já, torí gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, tó bá ti jó náà lè fa irú rẹ̀.

Ohun tó ń tan wá ni pé yíyọ náà máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́. Thermostat tó kú sí pípadé kì í jẹ́ kí omi kọjá. Bí a bá yọ ọ́, híhó á dáwọ́ dúró. Òkú la yọ, a ò fi alààyè rọ́pò rẹ̀.

Tèmi já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Láti ìlú Òru ni abẹ́rẹ́ ooru ti sùn sílẹ̀, inú mi ń dùn. A wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìjẹ̀bú-Òde, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí abẹ́rẹ́ fi wọ pupa, tí omi ń ru jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rédíétọ̀ gan-an ló ń ṣàìsàn látìbẹ̀rẹ̀: ẹrẹ̀ pupa ojú ọ̀nà igbó ti dí i níta, ìpẹtà omi kànga ti dí i nínú. Atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá mi bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò mọ̀. Bí ẹ bá rí àwo pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ thermostat yín, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹnu òkè bá ṣe ń ṣí, kó máa dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ gbogbo rẹ̀, àbùjá yẹn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á sì máa yí po síbi kan náà. Oògùn tí a fi ń wá ìtutù á tún máa dá kún ooru.

Mo lọ ṣa thermostat lábẹ́ igi ọsàn. Mo fi okùn so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, kó má kan ìdí ìkòkò. Omi hó, kò la ẹnu. Mo ra tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu, mo fọ rédíétọ̀ tinú-tòde, mo rọ kúláńtì, omi àkànṣe tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, dípò omi kànga, mo sì pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀. Ẹ má fojú kéré ìdérí yẹn: èyí tí wọ́n kọ 0.9 (bar, ìwọ̀n ìtẹ̀mọ́lẹ̀) sí ń tẹ omi mọ́lẹ̀ débi pé kò ní hó títí á fi dé nǹkan bíi 118. Ìdí nìyí tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣí i nígbà tó bá gbóná. Ó ń bó èèyàn lójú.

Kí n tó de tuntun náà, mo sè é, mo ti tẹmómítà bọ inú omi. Ní 82, ó la ẹnu bí ẹja. Nígbà tó máa fi dé 95, ó ti la tán. Mo de é, mo sì jẹ́ kí pín-ìn-nì kékeré ara rẹ̀ wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde.