Ẹ́ńjìnnì Oníná Lẹ́yìn Ọkọ̀: Eré Ló Ń Jẹ Bátìrì

Ohun tí àwọn tó fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì oníná sẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń ṣe fáàjì kọ́kọ́ máa ń bi mí ní ẹbúté tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, horsepower mélòó ni?" Èmi náà á bi wọ́n pé: níbo lẹ ń lọ, eré wo lẹ sì fẹ́ sá débẹ̀?

Líítà bẹntiróòlù kan ní agbára bíi 9 kWh nínú (kWh kan ni iná tí ẹ̀rọ kilowatt 1 ń jẹ ní wákàtí kan). Bátìrì lithium tó ń bá ẹ́ńjìnnì kékeré kilowatt 1 rìn kì í sábà ju 1.25 kWh lọ. Lóòótọ́, púpọ̀ nínú epo ló ń di ooru lásán, oníná kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò, síbẹ̀ àlàfo àárín wọn tóbi. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin, kò ní ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ tí bátìrì á fi tán.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí rèé. Fún ọkọ̀ kékeré tó ń rọra la omi lọ, bí ẹ bá dín eré kù sí ìdajì, agbára tí ẹ́ńjìnnì ń fà á já wálẹ̀ sí bí ìdá kan nínú mẹ́jọ: bíi wáàtì 125 dípò 1,000. Bátìrì kan náà á wá gbé yín fún bíi wákàtí 10, ẹ ó sì rìn jìnnà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja, tàbí tó ń gbé àwọn ọmọ ṣeré lọ sábẹ́ afárá Falomo, kí ló ń lé e?

Ìṣirò orí omi tó dákẹ́ nìyẹn o. Ọ̀sà wa ń ṣàn, ó ń wọlé, ó ń jáde. Mo ti bá ìṣàn lọ rí láìronú àbọ̀, àjẹ̀ ni mo fi wakọ̀ délé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ní kí àwọn oníbàárà mi pín bátìrì sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìkan fún àbọ̀, ìkan kò gbọdọ̀ ṣeé fọwọ́ kàn àfi tí nǹkan bá yíwọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa sáré láti Ìkòròdú wọ Marina lójoojúmọ́, kó má ra ẹ̀yà kékeré yìí rárá.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun máa ń wọ inú ọ̀sà. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kúrò nínú omi tẹ́ ẹ bá dé, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan án, kẹ́ ẹ sì máa wo irin síǹkì kékeré ara rẹ̀. Òun ni iyọ̀ ń jẹ dípò ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti jẹ tó ìdajì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó kiri máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ inú omi. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó na ọwọ́ sí i, torí ẹ́ńjìnnì yìí lè wà ní títàn láìdún rárá.

Àìdún yẹn náà ló ń bà mí lẹ́rù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Makoko. Apẹja tó kọ ẹ̀yìn sí yín nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kò ní gbọ́ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ fi fèèrè kọ́rùn, kẹ́ ẹ sì fọn ọ́n kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.