Ẹsẹ̀ tó kú pátápátá kọ́ ni ìtura lẹ́yìn pípààrọ̀ ìgbáròkó

"Ẹ bá mi pa ẹsẹ̀ náà kú títí di ọ̀la, mi ò fẹ́ mọ nǹkan kan lára." Ọ̀rọ̀ aláìsàn tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìgbáròkó fún nìyẹn. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí ẹsẹ̀ bá ṣe kú tó ni ìrora ṣe máa dínkù tó. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n máa ń gún kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹsẹ̀ ti jí. Àmọ́ bí dókítà bá fi mọ́fíìnì bíńtín sí i, bíi míligíráàmù 0.1, ìtura lè tó ọjọ́ kan gbáko, nígbà tí aláìsàn ti ń mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. (Ara lè máa yún un, èébì lè máa gbé e, ìtọ̀ sì lè há; wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èémí rẹ̀.)

Pípa ẹsẹ̀ kú gan-an léwu. Iṣan ìmọ̀lára ńlá tó gba iwájú itan kọjá kì í gbé ìrora nìkan, òun náà ló ń darí ẹran itan tó ń na orúnkún. Bí wọ́n bá pa á kú, aláìsàn á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, ó dilẹ̀. Eegun tó yí ìgbáròkó tuntun ká sì lè kán. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣan yẹn kú kò dé ẹ̀yìn oríkèé, torí iṣan mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìlànà PROSPECT ti 2021 (ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò lórí ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ) kò fi gba epidural (oògùn tí wọ́n ń fi ọ̀pá tín-ín-rín rọ sí ẹ̀yìn) àti abẹ́rẹ́ iṣan ńlá náà níyànjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń dín ìrora kù dáadáa. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni parasitamọ́ọ̀lù, oògùn tó ń dẹ́kun ara wíwú àti dexamethasone (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù), pẹ̀lú abẹ́rẹ́ fascia iliaca (tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ inú tó bo ẹran ara níwájú ìgbáròkó) ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tàbí oògùn tí oníṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ ń gún yí oríkèé ká. Fascia iliaca náà lè mú kí ẹsẹ̀ rọ, lójú tèmi èyí tí oníṣẹ́ abẹ ń gún ló fararọ jù. PENG, abẹ́rẹ́ mìíràn tó jáde ní 2018, ń wá àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín iwájú oríkèé nìkan, ṣùgbọ́n bí oògùn bá ṣàn kọjá àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ á rọ náà ni.

Abẹ́rẹ́ yòówù kó jẹ́, ẹ má dúró kó tó tán lára kí ẹ tó lo oògùn oníhóró. Òru ni ó sábà máa ń tán.