Ẹnubodè Kétu àti ẹjọ́ tí kò tíì tán

Nígbà tí Ọba Edé kó ọgọ́fà ìdílé kúrò ní Aró wá tẹ Kétu dó, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ìtàn ní òjò pa gbogbo iná tí wọ́n gbé dání. Ìyá arúgbó kan, ọmọ Fọ̀n (ẹ̀yà àwọn ará Dàhòmì), tí wọ́n bá nítòsí ibẹ̀ ló fún wọn ní iná tí wọ́n fi dáná alẹ́ ọjọ́ náà. Títí dòní, ọ̀rọ̀ ìyá yìí wà nínú ètò ìfọbajẹ Alákétu. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí Fọ̀n náà ló padà wá dáná sun ìlú.

Orúkọ ìlú pàápàá, ìbéèrè ni. Wọ́n ní abuké kan ni wọ́n fi ṣètùtù, ni wọ́n bá ń béèrè pé ta ló lè tú iké, ta ló lè fọ́ ìlú? Alákétu Sá fi amọ̀ dáhùn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún: ó mọ odi, ó gbẹ́ yàrà yí ìlú ká, ó sì kọ́ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè onílẹ̀kùn méjì. Àlejò tó bá gba ti àkọ́kọ́ kọjá, kò tíì wọlé.

Ọdún 1886 ni ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, fọ́ ìlú náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọlù ú ní 1883. Wọ́n sun ilé, wọ́n kó èèyàn lọ sí Àgbómè, olú-ìlú Dàhòmì. Ta wá ni ká dá lẹ́bi?

Àwọn àgbà kan ní ẹ̀tàn ni: ebi ti ń pa ará inú odi, ni Fọ̀n bá ní kí àwọn ìjòyè jáde wá ká jọ sọ̀rọ̀ àlàáfíà, bí wọ́n ṣe jáde ni wọ́n dì wọ́n. Àwọn mìíràn ní Glèlè nìkan ló jẹ̀bi, òun tí Abẹ́òkúta ti lé lẹ́yìn odi ní 1864, bó ṣe lé Gézò bàbá rẹ̀ ní 1851. Kétu ló wá yíjú sí.

Èmi máa ń wo ìhà ìlà-oòrùn. Ọ̀yọ́ ti tú. Láti ìparí àwọn ọdún 1870 ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ ti dojú ìbọn kọ ara wọn ní Kírìjì, ọdún tí Kétu jó gan-an sì ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ta ni ì bá gba Kétu sílẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìyá tó ń pa ara wọn? Ìyẹn ò dá Glèlè láre o.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù kò sí nínú ẹjọ́ yìí rárá. Ní oṣù kẹjọ 1889, tí Kétu ṣì jẹ́ ahoro, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Paris, wọ́n fa ààlà. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀, bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé ti ṣẹ́gun Àgbómè ní 1892, tí àwọn ìgbèkùn padà wálé, tí wọ́n sì tún ní Alákétu, ilẹ̀ tí wọ́n ti pín ni wọ́n bá. Wọ́n tún ilé kọ́. Àkàbà Ìdènà ṣì dúró, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbà á kọjá báyìí. Ará Ìmẹ̀kọ tó bá ń bọ̀ wá sìnkú ẹbí rẹ̀ ní Kétu, ìlẹ̀kùn méjì mìíràn ló ń bá lọ́nà: aṣọ́bodè Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ti Bẹ̀nẹ̀.