Kí ló dé tí iná fi ń ṣáájú písítìnì? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí táímìn katakata àtijọ́

Katakata àtijọ́ tó ń mu bẹntiróòlù, irú Ford 8N tí wọ́n ṣe láti 1947 sí 1952 tàbí Ferguson TE20 tó jáde ní 1946, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Ẹni tó ni ín ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, kí pọ́lọ́ọ̀gì lè tanná lásìkò tó yẹ. Títò yẹn ni wọ́n ń pè ní táímìn. Àwọn ohun tó sábà máa ń rú àwọn èèyàn lójú nìyí.

Wọ́n ní kí pọ́lọ́ọ̀gì tanná kí písítìnì tó dé òkè. Ṣé iná yẹn ò ní tì í padà sísàlẹ̀ ni?

Ì bá tì í padà lóòótọ́, ká ní ẹ̀ẹ̀kan náà lepo ń jó tán. Kì í jó báyẹn. Ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì niná ti ń mú, á wá máa ràn lọ títí á fi kárí inú sílíńdà, bí iná ṣe ń jẹ pápá láti etí kan dé èkejì. Kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí, ò sì ní dúró dè é. Injínì tó bá ń yí nígbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan ń la dígírì 12,000 kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tí ẹ bá wá pín ìṣẹ́jú àáyá náà sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan péré níbẹ̀ ti jẹ dígírì 12. Ohun tá a ń fẹ́ ni pé kí agbára iná náà le jù lọ nígbà tí písítìnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjú sísàlẹ̀. Bí iná bá dúró di ìgbà tí písítìnì dé òkè kó tó mú, á kàn máa lé e lẹ́yìn ni, ooru rẹ̀ á sì gba sàlẹ́ńsà jáde.

Mo ti mú àmì táímìn tó wà lára injínì dọ́gba bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, àmọ́ ńṣe ló ń yìnbọn láti ẹnu kábúrétọ̀.

Ó jọ pé àmì kejì lẹ mú. Kíráǹkì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí sílíńdà kan tó tanná lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà àmì yẹn máa ń yọ lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà tí sílíńdà kìíní bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tán, àti ìgbà tó bá tú èéfín jáde tán. Ìgbà àkọ́kọ́ là ń wá. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kìíní, ẹ fi àtàǹpàkò dí ojú ihò rẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra máa fọwọ́ yí injínì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń ti ìka yín kúrò, ẹ máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí àmì á fi yọ.

Ẹ tún wo bí wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ṣe tẹ̀ léra. Lórí 8N, 1-2-4-3 ni. Lórí TE20, 1-3-4-2 ni. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ̀kan lè fi gbogbo ọ̀sán jìyà lórí èkejì.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, àlàfo pọ́ìntì àbí táímìn?

Pọ́ìntì ni, ìyẹn irin kékeré méjì tó ń pàdé, tó sì ń là, nínú dístríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì. Mi ò rò pé ohun mìíràn wà tó ń da iṣẹ́ yìí rú tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹnu pọ́ìntì bá là ni kọ́ìlì, tó ń sọ iná bátìrì di alágbára, ń ta iná. Bí àlàfo rẹ̀ bá fẹ̀, á tètè là, iná á yá jù. Bí àlàfo bá kéré, á pẹ́ kó tó là, iná á fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá to táímìn tán kó tó wá fọwọ́ kan pọ́ìntì ti tú gbogbo iṣẹ́ àná ká.

Ẹ yí injínì títí èékánná pọ́ìntì á fi gun orí ibi tó yọ gọngọ jù lára ọ̀pá àárín dístríbútọ̀, kẹ́ ẹ wá wọn àlàfo náà. Íǹṣì 0.015 ni fún 8N tí dístríbútọ̀ rẹ̀ wà níwájú injínì, 0.025 sì ni fún èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ti iwájú yẹn, ẹ máa yọ ọ́ kúrò lára injínì ni, orí tábìlì lẹ ti máa to táímìn rẹ̀. Ẹnu ibi tó ti ń wọ injínì kò sí láàárín gan-an, kò sì lè wọlé lódìkejì. Èékánná yẹn náà máa ń jẹ bó ṣe ń lò ó, àlàfo á máa dínkù, agbára katakata á máa relẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mi ò ní tọ́ọ̀ṣì táímìn, iná tí wọ́n fi ń wo àmì nígbà tí injínì bá ń ṣiṣẹ́. Ṣé mo lè ṣe é?

Gílóòbù kékeré kan tó. Ẹ so wáyà rẹ̀ kan mọ́ ibi tí wáyà kọ́ìlì ti wọ dístríbútọ̀, kẹ́ ẹ fi èkejì kan irin injínì. Ẹ gbé injínì sórí iye dígírì tí ìwé rẹ̀ sọ, ẹ tan kọ́kọ́rọ́. Ẹ tú bóòtù dístríbútọ̀ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yí ara rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà tí rótọ̀, èyí tó ń yí nínú rẹ̀, ń yí sí títí gílóòbù á fi kú, kẹ́ ẹ tó wá rọra dá a padà. Ibi tó bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, pọ́ìntì ti là nìyẹn. Ẹ de bóòtù, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, torí kọ́ìlì ń gbóná. Bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ fóòtì 6, ọwọ́ pọ́sítíìfù ló sì wà lára irin. Gílóòbù lásán ò ka ìyẹn sí, àmọ́ LED lè kọ̀ láti tàn.

Ọ̀gá kan ní etí lòun fi ń to tòun.

Mi ò fọkàn tán an. Injínì tí kò gbẹ́rù máa ń dún dídùn bí iná bá yá jù, àfìgbà tó bá wọ inú ebè kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀ gbàgbàgbà. Irú rẹ̀ ló sì ń fi irin tí wọ́n fi ń fọwọ́ yí injínì gbá èèyàn lọ́wọ́, tó lè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Ẹ má ṣe fi àtàǹpàkò yí irin yẹn ká. Ẹ jẹ́ kó wà lápá kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù.

Ó ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bó bá sáré, kò lágbára.

Irin wíwúwo méjì wà nínú dístríbútọ̀ tó ń ṣí síta bí eré ṣe ń pọ̀, àwọn ló ń mú kí iná túbọ̀ ṣáájú. Ìpẹtà lè gbá wọn mú. Ẹ di rótọ̀ mú, ẹ lọ́ ọ díẹ̀ síbi tó ń yí sí, ẹ fi í sílẹ̀. Ó yẹ kó fò padà.

Ti dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́?

Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì. Pọ́ǹpù epo rẹ̀ ni wọ́n ń to.

Màgínẹ́ẹ̀tò, tó ń ṣe iná fúnra rẹ̀ láìsí bátìrì, ni tèmi ń lò, ó ń dún “kà!” bí mo bá ń fọwọ́ yí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Rárá o. Síprínǹgì kan ló ń dá màgínẹ́ẹ̀tò dúró fún ìgbà díẹ̀, tó wá ń jù ú sílẹ̀ lójijì. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí iná le dáadáa bí ọwọ́ ṣe ń yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó sì fà sẹ́yìn kó má bàa gbá yín lọ́wọ́. Bí injínì bá ti mú, ariwo yẹn á dáwọ́ dúró. Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ rárá nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí i, ìgbà yẹn ni kí ẹ tú u wò.