Àmì dúdú inú ápù: kí ni wọ́n ń pè ní bitter pit?

Lọ́jọ́ kan, mo ra ápù mẹ́rin ní Post Office, Ìlọrin, lọ́wọ́ ìyá kan tó máa ń to ọjà wọn sórí tábìlì lẹ́bàá títì. Mo délé, mo fọ̀ wọ́n, mo gé èyí tó tóbi jù. Lábẹ́ èèpo, lápá ìdí níbi tí òdòdó ti wà nígbà kan, mo rí àmì dúdú kéékèèké bíi mẹ́fà. Ibẹ̀ gbẹ bíi kànrìnkàn, ó sì korò lẹ́nu. Nígbà tí mo tún kọjá, mo fẹjọ́ sùn. Ìyá ní, "Kòkòrò ló jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ṣé o ò yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó sanwó ni?" Wọ́n sì fi ẹyọ kan ṣe èènì fún mi kí n má baà pariwo.

Mo gba èènì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti kòkòrò. Kò sí ojú ihò kankan lára èèpo, kò sí ìdin nínú rẹ̀, kò sì lè ran ápù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bitter pit ni àwọn tó ń gbin ápù ń pè é, ìyẹn kòtò kíkorò. Àìtó kálísíọ̀mù nínú èso ló ń fà á. Kálísíọ̀mù yìí kan náà ló wà nínú egungun wa, nínú ìkarahun ìgbín àti nínú wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé wá sí ọjà. Nínú èso, iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe láàárín búlọ́ọ̀kù ló ń ṣe láàárín sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá kéékèèké tó para pọ̀ di ara èso: òun ló so wọ́n pọ̀. Níbi tí kò bá ti tó, sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á jò, á kú, á sì gbẹ. Òkú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ni àmì dúdú tí mo rí.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ èyí. Ní 1911, ìjọba Australia gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún Daniel McAlpine, onímọ̀ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn, ó sì kọ ìwé lóríṣiríṣi jáde lé e lórí, síbẹ̀ awuyewuye kò tán. Ní 1936 ni W. A. DeLong, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Kánádà, yẹ eérú tó kù lẹ́yìn tí wọ́n sun ápù tó ní irú àbùkù yìí wò, tó sì rí i pé kálísíọ̀mù inú wọn kéré sí ti èyí tó dára.

Èèyàn á wá ní, ṣebí kí àgbẹ̀ da kálísíọ̀mù sílẹ̀ kó parí. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Lọ́pọ̀ ìgbà, kálísíọ̀mù pọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Kì í kàn dé ọ̀dọ̀ èso ni. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kì í wá dáadáa á tètè lóye rẹ̀. Páìpù kan ló wọ ilé méjì. Onílé kan gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lé tirẹ̀, dírọ́ọ̀mù rẹ̀ kún. Ti ẹnì kejì ń kán tó, tó, tó. Bí ewé àti èso ti rí lórí igi nìyẹn. Inú omi tí gbòǹgbò ń fà ni kálísíọ̀mù ń bá wá, ibi tí omi bá sì ti ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ jù ló ń lọ. Ewé fẹ̀, oòrùn ń pa á, ó ń làágùn látàárọ̀ dalẹ́: òun ló ní ẹ̀rọ. Èso ní tirẹ̀ ní èèpo tó ń dán bí ẹni fi ìda kùn ún, kì í làágùn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó tún burú ni pé kálísíọ̀mù tó bá ti wọ ewé kì í padà jáde wá bá èso. Ṣúgà àti pòtásíọ̀mù ń ti ara ewé lọ sínú èso, kálísíọ̀mù kì í bá wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí òdòdó bá tán ni èso máa ń rí kálísíọ̀mù gbà jù. Lẹ́yìn náà, ó ń wú, àwọn iṣan tó ń gbé omi wọnú rẹ̀ ń já, ìwọ̀nba èyí tó ti gbà sì ń fọ́nká bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ tí wọ́n ń bu omi kún. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé ápù tó tóbi jù ló sábà máa ń ní i, pàápàá lórí igi tó so díẹ̀ lọ́dún yẹn. Èmi tí mo sì ń ṣa èyí tó tóbi lórí tábìlì ìyá! Bí àgbẹ̀ bá tún da ajílẹ̀ onínàìtírójìn jù, ewé á gbilẹ̀ sí i, ẹ̀rọ á di méjì. Pòtásíọ̀mù àti magnísíọ̀mù tó bá pọ̀ lápọ̀jù náà máa ń gba àyè kálísíọ̀mù.

Wàhálà tó wà fún àwọn olóko ńlá ni pé ápù lè mọ́ tónítóní lọ́jọ́ tí wọ́n ká a, kí àmì tó yọ nígbà tó ti wà nínú kóòdù rúùmù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ti náwó sí i kó tó bà jẹ́. Nítorí náà, wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ ṣáájú. Àwọn kan ń gbé èso lọ sí ilé àyẹ̀wò ṣáájú ìkórè. Fún ápù Cox ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kálísíọ̀mù kò bá tó nǹkan bíi mílígíráàmù 5 nínú gíráàmù 100, kò yẹ ní títọ́jú pẹ́. Wọ́n tún máa ń fi pòtásíọ̀mù àti nàìtírójìn wé kálísíọ̀mù. Ọ̀nà tó wù mí jù kò gba ẹ̀rọ kankan: tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n kórè, wọ́n á ká díẹ̀ lára oríṣiríṣi igi, wọ́n á fi sínú yàrá lásán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á wá ka iye tó ní àmì. Bó bá pọ̀, wọ́n á tètè ta ti oko yẹn. Irú ápù náà ṣe pàtàkì: Honeycrisp, tí Yunifásítì Minnesota gbé jáde ní 1991, kì í pẹ́ ní i rárá, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n lára Gala.

Láti dènà rẹ̀, wọ́n máa ń fín kálísíọ̀mù kílóráìdì sí igi léraléra títí di ìkórè. Ó gbọ́dọ̀ kan ara èso fúnra rẹ̀, torí èyí tó bá bọ́ sórí ewé, ewé ló jẹ ẹ́. Bí oòrùn bá sì mú jù, ó lè jó ewé. Wọ́n tún ń ṣọ́ra fún gígé ẹ̀ka jù, wọn kì í sì í jẹ́ kí omi wọ́n igi nígbà tí èso ṣì kéré.

A kì í gbin ápù ní Kwara, ṣùgbọ́n a ń gbin tòmátò, èyí tí ìdí rẹ̀ ń dúdú tó sì ń rì wọnú kò sì yàtọ̀ sí èyí. Kálísíọ̀mù kan náà ni, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ lónìí tí omi sì kún un lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Òmù-Àrán fín oògùn apakòkòrò sí tiwọn lẹ́ẹ̀mejì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó gidi ló bá a lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí wọ́n máa bomi rin ín déédéé. Èyí tó ti dúdú kò sàn, wọ́n já a dànù. Èyí tó so lẹ́yìn náà mọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti wá gbà pé kì í ṣe kòkòrò. Wọ́n ní kòkòrò ni o, pé kò kàn fẹ́ràn omi ni.